Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Ìjókòó Ìta Àgbájọ

Ẹ̀yin àlejò, ẹ má tíì ya fọ́tò yẹn o! Irọ́ lẹ fẹ́ gbé lọ sílé. Èmi Múdàṣírù bíríkìlà ni mo pa á, ẹnu mi náà ni n ó sì fi tú u lónìí níwájú ìlú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tó ogún.

Ìta yìí yẹ ní wíwò, n ò purọ́ ìyẹn. Ẹni tó ń lọ sí Àgbádárìgì tí kò yà ní Ọ̀tọ̀-Àwórì wá wò ó, ó ti pàdánù. Láyé àwọn Òyìnbó, ajẹ́lẹ̀ kan ní òun fẹ́ kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbí. Obìnrin ìlú yìí kan, Àbíkẹ́, ló gbé ìkòkò jáde, ó dáná sí àárín ìta, ó ń sè, ó ń jẹ, ó ń sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, títí Òyìnbó fi palẹ̀ mọ́. Ìlú wá mọ ìjókòó yìí, wọ́n sì kọ orúkọ Àbíkẹ́ sára sìmẹ́ńtì rẹ̀. Mo sọ fún yín láàárọ̀ pé Yésúfù, bàbá bàbá mi, ló lé Òyìnbó lọ. Bàbá bàbá mi sá lọ sóko ni!

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìjókòó sán, wọ́n ní kí n tún un rẹ́. Gbogbo àlejò ló ń béèrè ọmọ Àbíkẹ́, ìlara sì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo rẹ́ sìmẹ́ńtì bo orúkọ obìnrin náà, mo kọ Yésúfù; àwọn ará ìlú tó mọ̀wé ò sì bẹ̀rẹ̀ kà á mọ́.

Ọmọ Àbíkẹ́ ni Ìyá Sàmíát. Wọn ò mọ̀wé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbá ìta yìí, wọ́n á fi àkísà tútù nu orúkọ náà, wọ́n á ní, "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o." Mo ń wò wọ́n, mo ń jẹ àkàrà mi. Èmi ìkà yìí!

Lọ́dún tó kọjá, Ìrètí, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìyànà-Ìbà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á. Ó ní, "Mama, Yésúfù ni wọ́n kọ síbí o."

Ìyá yíjú sí mi. "Múdà, ìwọ lo mọ̀wé. Kí ló wà níbẹ̀?"

Àlejò bí ogún ló dúró. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Orúkọ Àbíkẹ́ kankan ò sí níbẹ̀ rí, Ìyá. Àlá lẹ lá." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mú ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n lọ sílé, wọn ò sì wá mọ́.

Ara wọn ò yá báyìí. Sàmíát sọ fún mi lánàá pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi òun: "Ṣé irọ́ ni ìyá mi pa fún mi ni?" Síbẹ̀ mo tún pa irọ́ náà fún yín láàárọ̀, kí n tó lọ po sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba iyì oníyì fún ẹni yín. Ẹni tó ni ín ń bẹ níbì kan tó ń sunkún. Òòlù mi rèé, mo ti po sìmẹ́ńtì. Mo ń gbẹ́ Yésúfù kúrò níṣojú gbogbo yín. Sàmíát, jọ̀ọ́, lọ gbé ìyá rẹ wá. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá mi létí, mo gbé etí sílẹ̀ fún wọn. Èmi ni n ó di ọwọ́ wọn mú, ìka tiwọn ni yóò kọ Àbíkẹ́. Sáré, ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí sìmẹ́ńtì gbẹ kí wọ́n tó dé.