Òdòdó Àǹtí Bùsọ́lá Kọ́ Ni Màmá Ń Bá Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé tí mo bá dákẹ́ di Sátidé, irọ́ mi máa kọjá sọ́dọ̀ ọmọ kékeré kan tí kò ṣẹ̀ mí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ọmọ Kàbà ni mo fẹ́, Galadimawa la sì ń gbé níbí ní Abuja. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àǹtí Bùsọ́lá. Àìsàn ló pa wọ́n. Tèmítọ́pẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Ni Màmá, ìyá ọkọ mi, bá kó kúrò ní Kàbà wá bá wa gbé, kí wọ́n lè tọ́ ọmọ náà.

Yàtọ̀ sí ọmọ yẹn, òdòdó kan nínú ìkòkò nìkan ni Màmá gbé kúrò ní yàrá Àǹtí Bùsọ́lá. Òdòdó inú ilé ni, irú èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, funfun sì wà lára rẹ̀ káàkiri bíi pé mílíìkì ta sí i. Kò sí ewé méjì tó jọra. Àǹtí Bùsọ́lá ló gbìn ín láti ara ẹ̀ka kékeré kan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba yàrá ní Abuja. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń jókòó tì í lójú fèrèsé pálọ̀, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀. N kì í gbọ́ gbogbo ẹ̀, torí èdè Kàbà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ orúkọ Bùsọ́lá.

Lọ́jọ́ kan, Màmá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, itan wọn sì kán. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n lò ní ọsibítù ní Gwagwalada. Kí wọ́n tó gbé wọn jáde nílé, wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ìrora yẹn, wọ́n ní, “Ìyàwó, bá mi tọ́jú òdòdó ọmọ mi.”

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ pa á. Ó ń rẹ̀ mí ni. Tí mo bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Dutse Alhaji, mo tún gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ lọ sí Gwagwalada. Nígbà tó yá, àwọn kòkòrò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde látinú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Inú bí mi, mo gbé e sínú sítọ́ọ̀ tí kò ní fèrèsé. Mo ní ọjọ́ méjì péré ni. Nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn á dà mí láàmú, mo á lọ bu omi kún un.

Kí n má purọ́ fún yín, owú wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin la ti jọ ń gbé nígbà yẹn, Màmá ò sì bá mi sọ̀rọ̀ rí bí wọ́n ṣe ń bá ewé yẹn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí Màmá padà wálé, mo gbé e jáde. Ibi tó funfun lára àwọn ewé àtijọ́ ti di búráùn, ó gbẹ bíi bébà. Àwọn ewé tuntun tó yọ ò ní funfun kankan rárá. Ìdí rẹ̀ rọ̀, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ń rùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Rísì, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì nítòsí ráńdàbáòtù wa. Bàbá yẹn ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Kò tíì kú o, Màdáámù,” ni wọ́n wí. “Omi ti mú gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà, òkùnkùn sì ti gba funfun lára rẹ̀. Tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, ó máa padà.”

Wọ́n ṣàlàyé pé ibi tó funfun lára ewé kì í bá a wá oúnjẹ, ibi tó tutù yọ̀yọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, ó máa pa funfun náà tì kó lè yè. Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tó máa yá. Wọ́n ní ó máa tó oṣù mélòó kan.

Ọ̀la sì ni Màmá ń bọ̀. Irú òdòdó kan náà wà níwájú mi níbẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo rà á. Mo gbìn ín sínú ìkòkò Àǹtí Bùsọ́lá.

Ojú fèrèsé ni Màmá kọ́kọ́ lọ bí wọ́n ṣe dé, tàwọn ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ó yí padà díẹ̀. Mo ní mo gé e ni, torí ó ń dàgbà jù. Ni wọ́n bá fà mí mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “O ṣé, ọmọ mi.”

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pè mí ní ìyàwó mọ́. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, àwọn fúnra wọn ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀ mí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn. Mi ò gbádùn ìfẹ́ náà lọ́jọ́ kan, torí mo mọ ohun tí mo fi rà á.

Èyí tó ń ṣàìsàn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fọ gbòǹgbò rẹ̀, mo fi bíléèdì tuntun gé gbogbo èyí tó ti dúdú. Mo fi yanrìn àti èédú wẹ́wẹ́ po iyẹ̀pẹ̀ mìíràn fún un. Mo gé ẹ̀ka tí kò ní funfun dé ibi tí mo ti rí ìlà funfun tíńtín lára igi rẹ̀. Mo gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn ò ti lè pa á. Kí n tó bomi, mo á ki ìka bọ̀ ọ́. Tó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, mo á fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ tó oṣù mẹ́ta tí kò ṣe nǹkan kan. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mo á ní, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ewé kan tó ká bíi ẹní. Nígbà tó fi máa tú, ìdajì rẹ̀ funfun báláú. Oníbàárà mi tó wá wọn aṣọ ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Ó yẹ kí n ti sọ nígbà yẹn. Ẹ̀rù bà mí.

Ní báyìí, Tèmítọ́pẹ́ fẹ́ lọ sí iléèwé tí á máa gbé inú rẹ̀. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, Màmá sọ fún un pé àwọn máa gé ẹ̀ka kan fún un ní Sátidé, kó máa gbé e lọ. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ìyá rẹ ló gbin èyí.” Ọmọ náà sún mọ́ fèrèsé. Ó fi ìka kan pa ewé náà lára, jẹ́jẹ́. Mo sá wọ kíṣìnì.

Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ? Ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n tó gbé òdòdó Àǹtí Bùsọ́lá gan-an fún wọn, àbí kí n gbé e fún wọn ná? Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí Màmá lè dárí jì mí. Tí wọn ò bá sì dárí jì mí, mi ò ní bá wọn jà.

Mo ti gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó wà lórí àga iwájú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níwájú géètì wa, níbi tí mo ti ń kọ èyí. Màmá ti rí mi láti ojú fèrèsé. Wọ́n ń juwọ́ sí mi pé kí n wọlé wá jẹun, oúnjẹ ń tutù.

Mò ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí.