Wọ́n Ní Ṣadé Pa Orúkọ Ọmọ Ọlọ́mọ Rẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ tún gbé e ga, ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Èmi ìyá Ṣadé, tó ń ta dòdò létí títì ní Ìkirè, ni mo dìde láti jẹ́rìí. N kò mọ̀wé. Ọmọ tí Ṣadé bí ló ń bá mi kọ ọ́. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àpòmù, Ṣadé ń bá obìnrin kan tẹ̀wé níbẹ̀. Ilé ìwé girama kan kó orúkọ àwọn ọmọ tí yóò ṣèdánwò wá. Ṣadé tẹ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí tíṣà wá wò ó, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbẹ, kò lè tẹ̀ ẹ́ síwèé, ni obìnrin náà, ọ̀gá Ṣadé, bá ní kí kọ̀ǹpútà fi orúkọ hàn lójú rẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn nìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ tíṣà gan-an kò sí.

Ọ̀gá ní, "Ṣadé, ta ló rán ẹ sí mi? O ti pa orúkọ ọmọ ọlọ́mọ rẹ́." Ó lé e wálé.

Bàbá Wásinmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ní, "Kó lọ kúnlẹ̀, kó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tí kò jẹ gbì kò ní kú gbì. Tó bá kúnlẹ̀ lónìí, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́ láti Àpòmù dé Ìkirè?"

"Agídí rẹ yìí!"

"Òun náà ni, Bàbá."

Ilẹ̀ mọ́, mo gbàdúrà, mo fa Ṣadé lọ́wọ́, ó di Àpòmù. Ọ̀gá ní, "Ìyá, kí lẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà?"

"N kò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú mi."

Ṣadé tẹ àṣẹ tí ọ̀gá fi pe orúkọ jáde lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì ń ka ìsàlẹ̀ níbi tí ìwé dúró sí. Èmi tí n kò lè kà, ìrìn rẹ̀ ni mo ń wò. Mo rí i tí nǹkan sáré gòkè, fìrì, kó tó dúró. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún sáré.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, orúkọ wọ̀nyí ò kú. Wọ́n gba òkè kọjá lójú yín."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyá olódòdò ti di ẹnjiníà."

"Mo ti dì í. Ẹ wá nǹkan dá a dúró."

Ṣadé ṣí ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà, 'more'. Tí mo bá fi kún àṣẹ, ojú rẹ̀ á kún, á sì dúró dè wá." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró lóòótọ́. Orúkọ àkọ́kọ́ rèé. Ó tún tẹ bọ́tìnnì, òmíràn jáde. Ọmọ tíṣà wà níbẹ̀. Olúwa, o ṣeun. O ṣeun, Bàbá.

Ọ̀gá ní, "Ṣadé, má bínú, jókòó síṣẹ́ ẹ."

Mo ní rárá. "Iwájú tíṣà lẹ ti bà á jẹ́. Iwájú tíṣà náà lẹ ó ti tún un ṣe." Mo jókòó sórí àga wọn, n kò dìde títí tíṣà fi dé. Ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Ṣadé ò pa nǹkan kan rẹ́. Èmi ni mi ò wò ó dáadáa."

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ìwọ tí wọ́n ń ka ohun tí o kò ṣe sí lọ́rùn, má torí àlàáfíà gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Ní kí wọ́n ṣe é lójú rẹ. Ọlọ́run tó fún aláìmọ̀wé lójú kò tíì fọ́jú.