Bàtà Ọgbọ̀n Tí Mo Kà Sínú Àwòrán Láńre

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọdún mẹ́ta, ó sì ti fẹ́ sọ mí di wèrè. Mi ò lè sọ ọ́ fún àlùfáà wa, torí ìjọ kan náà ni èmi àti ẹni tí mo ṣẹ̀ ń lọ. Mi ò ní ọkọ tí mo lè sọ ọ́ fún. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó wá dé ibi tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Atẹ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ kan ní Àgọ́dì. Yàrá kan ni mo háyà ní Bẹẹrẹ. Ọkọ mi kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́dún kejì tí a ṣègbéyàwó, kò sọ ibi tó ń lọ, a ò sì tíì bímọ. Nígbà náà, bí mo bá tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì tí mo tilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi.

Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé iléeṣẹ́ wa, ẹni méjì ni wọ́n rán lọ kọ́ ọ. Wọn ò rán mi. Èmi ni mo ń nu eruku ara rẹ̀, tí mo ń fi aṣọ bò ó nírọ̀lẹ́. Yàrá rẹ̀ tutù nini, bàtà la sì ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé, bíi ti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo gbé àyà sókè, mo ní, "Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà." Ẹ ò rí ẹnu mi!

Ẹnu yìí ló mú Bàbá Tíṣà wá bá mi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìyàwó wọn ti kú, àwọn nìkan ló wà nínú ilé wọn ní Oníyanrìn. Láńre, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lókè òkun, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló lọ kọ́. Láńre kì í kọ lẹ́tà gígùn. Àwòrán apanilẹ́rìn-ín ló máa ń gé nínú ìwé ìròyìn àwọn oníkọ̀ǹpútà, á kọ ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀, á fi ránṣẹ́. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí wọn ò lè kà. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni wọn ò rí. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, wọ́n á wá yí sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, kí ni mò ń rín?"

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ sílé wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn, tí à ń mu tíì, tí mò ń túmọ̀ ohun tí mi ò mọ̀.

Mo rántí ọ̀kan. Ọkùnrin kan fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ àwọn dísìkì kọ̀ǹpútà mọ́ ara fìríìjì, ọ̀gá rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ó ya ọ̀gá náà lẹ́nu pé ọmọọṣẹ́ òun létò tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Òyìnbó! Ètò ni tiwọn." Mi ò mọ̀ pé mágínẹ́ẹ̀tì máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì rẹ́ ráúráú, pé iṣẹ́ tí wọ́n fi oṣù púpọ̀ ṣe ló ń ṣègbé níbẹ̀. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. A rẹ́rìn-ín, a mu tíì wa.

Lẹ́yìn náà ni ti bàtà dé. Láńre fọwọ́ ara rẹ̀ ya èyí, báírò ló fi yà á, àwòrán mélòó kan tó tẹ̀ léra wọn. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní Gẹ̀ẹ́sì pé: 10, wọ bàtà. 20, bọ́ bàtà. 30, lọ sí 10. Nínú àwòrán tó gbẹ̀yìn, irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti gùn dé ilẹ̀, ó ṣì ń so okùn bàtà. Láńre wá fi Yorùbá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Bàbá, èmi nìyí."

Mo wò ó títí. Bàbá ń wò mí. Mo rántí bí a ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà níbi iṣẹ́, mo bá la ẹnu. "Bàbá, oníkọ̀ǹpútà kì í wọ bàtà wọlé iṣẹ́. Ẹni tó bá ti rí ṣe nínú wọn, bàtà rẹ̀ a máa pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Àpótí bàtà nìyẹn. Láńre ti rí jẹ o!"

Bàbá dìde, wọ́n jó yí àga po. Wọ́n kọ èsì lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó lè dùn ún wò. Ọwọ́ mi yìí ló tẹ̀ ẹ́: "Ọmọ mi, mo bá ọ yọ̀ fún bàtà ọgbọ̀n. Ilé ò lọ ibì kankan. Má kánjú bọ̀ o, jókòó ti ire rẹ."

Láńre ò kọ̀wé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó mọ kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa fẹ̀yìn tì, wọ́n wá rán èmi náà lọ kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ wa kọ 10, 20, 30 sára pátákó. Ó ní ẹ má kà á sí iye nǹkan o, nọ́ńbà ìlà ni. Kọ̀ǹpútà á ṣe ti ìlà 10, á ṣe ti 20, bí ìlà 30 bá ní kó lọ sí 10, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò ní lè jáde níbẹ̀ láéláé, àfi bí ẹnì kan bá dá a dúró.

Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò lè kọ nǹkan kan. Bàtà kan ṣoṣo ni ọmọ yẹn ní. Ó ń wọ̀ ọ́ láti wá sílé, ó ń bọ́ ọ, ó tún ń wọ̀ ọ́. Ẹrù ìrìn-àjò ló wà nínú àpótí. Ọmọ ń sunkún sí bàbá rẹ̀ létí, àwa sì dá a lóhùn pé kó má kánjú.

Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Sátidé yẹn. Mo dé ibẹ̀, Bàbá ti ra àkàrà dè mí, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Mi ò lè sọ ọ́. Kí n má parọ́ fún yín, àánú wọn kọ́ ló ṣe mí, ara mi ni mo rò. Bí wọ́n bá ti bi mí pé kí ló dé tí Láńre ò kọ̀wé, màá ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, Bàbá." Ọdún mẹ́ta ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá pe àwọn ẹbí wọn jọ. Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ yàrá Láńre sí mi lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń bẹ̀ mí wò ni ọmọ mi. Láńre ti rí ọlá, ó ti gbàgbé mi." Àwọn ẹbí ní kí n kúnlẹ̀ kí n dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo dúpẹ́.

Mo ti tẹ lẹ́tà sí Láńre. Gbogbo rẹ̀ ni mo jẹ́wọ́, mo kọ àdírẹ́sì tó lò kẹ́yìn sí i. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó wà nínú báàgì mi, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Bàbá ni, àbí kí n kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọmọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bí Bàbá bá lé mi, ó tọ́ sí mi. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé Láńre lè dé lóòótọ́, kí n sì dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Lánàá, mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà pé kí lẹ́tà náà bá a láyọ̀. Mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo pe orúkọ Láńre, ẹnu mi wá kọ̀, kò sọ ìyókù.