Atọ́ka Tó Wà Lórí Àwo

Má wulẹ̀ ṣí fìlà fún mi lẹ́nu ọ̀nà o, Wendell! Ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀gá ní kí èmi Leota kó ẹrù mi, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń to káàdì àkọsílẹ̀ ẹ̀yà katakata fún ilé iṣẹ́ yín, ta ló ṣí fìlà? Wọlé. Jókòó. Kọfí wà níbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Ẹ̀rọ ńlá alápá irin, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀yà sórí àádọ́ta àwo irin tó ń pòòyì bí òkòtó, tí gbogbo ará ìlú San Jose wá wò! Ìwọ náà lo dúró níwájú wa, o ní káàdì Leota, àfi kéèyàn máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, pé apá irin tiyín kì í tẹ̀ lé ìlà, ibi tó bá wù ú ló ń fò lọ tààrà. O ní ètò ti di ohun àtijọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, èmi òmùgọ̀!

Mo sì béèrè o, Ọlọ́run gbọ́! Mo ní báwo ni apá yẹn ṣe ń mọ ibi tó máa fò sí? O ní atọ́ka wà, tó ń sọ ibi tí àkọsílẹ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà. Mo ní níbo? O ní orí àwo kan náà. Mo ní ta ló ń ṣọ́ ọ kí nǹkan mìíràn má lọ jókòó lé e? O rẹ́rìn-ín. O ní, “Màmá, ẹ lọ máa se jáàmù yín.”

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè! Ẹ kó ẹ̀yà tuntun wọlé lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ sì kọ àkọsílẹ̀ wọn lé atọ́ka lórí, ó pa á rẹ́? Yéè! Ẹ ti àpótí pa, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀! Àkọsílẹ̀ ẹ̀yà ẹgbàá mẹ́fà ń pòòyì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀kan ṣoṣo wà, nígbà ìkórè, tí àwọn àgbẹ̀ to katakata sẹ́nu géètì. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Káàdì mi? Èwo? Èyí tí ìwọ alára dà sínú àpò bí ọ̀dùnkún, torí pé ẹ fẹ́ fi dúrọ́ọ̀ tí wọ́n wà kó ìṣó? Wọ́n wà. Ẹ fẹ́ jó wọn, mo kó wọn wálé. Àpò mẹ́jọ, nínú gáréèjì. Dìde, káàdì wo lò ń wá? Sáà fò lọ bá a! Ṣebí ètò ti di ohun àtijọ́?

Jókòó, jàre, má da omi ojú sínú kọfí mi. Èmi nìkan ló lè tò wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Sọ fún ọ̀gá pé mo fẹ́ tábìlì mi padà, ti ẹ̀bá fèrèsé. Kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó sì fúnra rẹ̀ wá gbé àpò.

Ìwé yẹn, ọwọ́ mi ni kó o fi lé o, Wendell. Má lọ tọ́jú rẹ̀ sórí àwo! Hà hà hà!