Orúkọ Dáhùnsí Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí díìsì yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ má tíì kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tí mo fi wé e. Àìsàn yìí ti ní kí n palẹ̀ ilé mi mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè.

Ẹ́ńjìnì géèmù tí a jọ ń pín kiri yìí, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, èyí tó ń mú ọkùnrin kékeré inú rẹ̀ sáré, tó ń mú un fò láti orí pèpéle kan dé òmíràn, orúkọ èmi Oyèwọlé nìkan lẹ ti ń bá lókè rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, lọ́dún 1994, lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Ìlá. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ti fò báyìí, inú ilẹ̀ ló ń já gbà lọ. Dáhùnsí ló tún un ṣe. Tíṣà ìṣirò ni, l'Ókè-Ìlá, kò ní kọ̀ǹpútà. Inú ìwé iléèwé ló ti ń fi pẹ́ńsùlù kọ àtúnṣe rẹ̀, á fi rán ọlọ́kadà sí mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, n óò sì dá ìwé padà. Àdéhùn gbogbo àwa tí à ń pín géèmù náà ni pé ẹni tó bá tún nǹkan ṣe, orúkọ rẹ̀ á wọ òkè. Ó bi mí pé, "Oyè, ṣé o ti kọ orúkọ mi?" Mo ní ó ti wà níbẹ̀. Èmi olójúkòkòrò, mo ti pa á rẹ́! Àwọn ọmọ Ìlá tó wá ṣọdún gba ẹ̀dà géèmù náà lọ sí Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Ọkọ̀ pa Dáhùnsí lọ́nà Ọ̀rà. Ìyá rẹ̀, tí kò mọ̀wé, gbé ìwé náà wá bá mi. "Oyèwọlé ọmọ mi, kí lọmọ mi ń kọ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ó wúlò?" Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ: "Ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé ni, mà. Kò wúlò." Màmá ní ó dáa. Ó kó ìwé náà fún alákàrà, kó máa fi wé àkàrà. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Màmá ti kú. Mo ti dá orúkọ náà padà sórí díìsì yìí, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà tó ti lọ káàkiri, ọwọ́ mi ò tó wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sókè tiyín: Dáhùnsí, ará Òkè-Ìlá, ló jẹ́ kí ọkùnrin kékeré yìí lè dúró lórí ilẹ̀.