Ìbúra Yákúrá Nínú Ilé Wákáfù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa, ẹ má tíì pè mí ní Àfáà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì pa mí lẹ́nu mọ́. Alhaji Ògúnlànà, alága ìgbìmọ̀ sàká wa, ní kí n bo àṣírí, kí n má ba orúkọ mọ́sálásí jẹ́. Àṣírí ta ni? Ó ti sú mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ọdún márùn-ún.

Èmi Ìdrís Ṣọlágbadé ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń gba sàká àti sàárà ní mọ́sálásí wa ní Ìbà. Alhájà Sẹ̀kínát, tí wọ́n fi òwò àlùbọ́sà kọ́lé, fi ilé onírúùmù mẹ́wàá kan sílẹ̀ fún wa kí wọ́n tó kú, wọ́n sọ ọ́ di wákáfù. Ohun tí èèyàn bá ti fún Ọlọ́hun báyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á, ọmọ ò sì gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Alhájà ní ti àwọn ogunléndé ni, àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn tí wọn ò ríbi forí pamọ́ sí. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ní Ìbà tiwa yìí, bí o bá ní rúùmù tó ṣófo lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á ti wá kanlẹ̀kùn kó tó dọ̀la. Mo kó wọn kún gbogbo rúùmù, mo ń fi owó ilé sápò ara mi. Bí ogunléndé bá wá, màá ní à ń tún ilé ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tún ilé tí nǹkan kan ò ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí o: n kò ní ìyá tó ń ṣàìsàn, owó ilé-ìwé ọmọ ò sì há mi lọ́rùn. Ojúkòkòrò ni.

Ọmọ Alhájà, Mùsítúrà, ló máa ń yọ mí lẹ́nu. Lọ́dọọdún, nínú oṣù ààwẹ̀, á ti Ìbàdàn wá wo ilé ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà màá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn pamọ́ kí wọ́n jáde, màá sì lọ kó ogunléndé wá láti ilé àkọ́pati kan ní Òkòkómaikò, kí wọ́n wá jókòó sínú rúùmù títí Mùsítúrà á fi lọ. Lọ́dún tó kọjá, Yákúrá wà lára wọn. Borno ló ti wá, ogun ti pa ọkọ rẹ̀, ó pọn ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Fánná. Mo sọ fún un pé bó bá dáhùn dáadáa, rúùmù ẹ̀gbẹ́ kànga á di tirẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Kí Mùsítúrà tó dé, ó ti gbá rúùmù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tẹ́ ẹní, ó sì ti fi ẹ̀wù Fánná kọ́ ìṣó ara ògiri.

Ara fu Mùsítúrà. Ó bi í bóyá ibẹ̀ ló ń gbé lóòótọ́. Yákúrá wojú mi, mo sì fi orí júwe fún un pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Wàláhì, ibí ni mò ń gbé." Ó fi Ọlọ́hun búra tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu, nítorí rúùmù kan. Omi bọ́ lójú Mùsítúrà, ó gbàdúrà fún mi, mo ń ṣe àmín.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo ní kí Yákúrá ká ẹní rẹ̀. Ó bi mí pé kí lòun ṣe. Mo ní alága ò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ alága ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ó gbàgbé ẹ̀wù náà sára ìṣó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ni rúùmù fi nu bàtà.

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi wọ ilé àkọ́pati yẹn, òtútù wọ Fánná láyà. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sin ín.

Mo rò pé ìyá rẹ̀ máa wá ṣépè fún mi. Ì bá tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló wá, ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó fi Yorùbá tó kọ́ níbi tó ti ń fọ abọ́ ní Ìyànà Ìbà sọ pé, "Àfáà, mo búra irọ́ nínú ààwẹ̀, Ọlọ́hun gba ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa ṣe kí Ó dárí jì mí?"

Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ò ju pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo wú ikọ́ bí àfáà, mo ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo yó.

Ní báyìí, mo ti jẹ́wọ́ fún Mùsítúrà, ó sì ti gba kọ́kọ́rọ́. Àmọ́ n kò rí Yákúrá. Wọ́n ti wó ilé àkọ́pati náà. Àwọn kan ní ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Navy Town, àwọn kan ní Ìyànà Ìbà. Ẹsẹ̀ mi ti wú, n kò lè rìn débẹ̀, alága ò sì jẹ́ kí n kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé mò ń wá a. Ẹni tó rí i gbẹ̀yìn ní ó ti rù hangogo, pé ó ṣì ń gba ààwẹ̀ ìbúra náà, pé ọjọ́ mẹ́ta ò tó lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ ohun Ọlọ́hun lé yín lọ́wọ́, ẹ rántí mi. N kò tíì lójú láti bẹ̀ yín pé kí ẹ foríjì mí. Yákúrá ni kí ẹ bá mi wá. Ẹ sọ fún un pé ìbúra rẹ̀ kọ́ ló pa Fánná, èmi ni. Ẹ sọ fún un pé rúùmù ẹ̀gbẹ́ kànga ti ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ.