Ọjọ́ Tí Mo Ní Mi Ò Gbọ́ Èdè Wa

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àmì ẹ̀yẹ tí ẹ fẹ́ fún mi lónìí nítorí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè wa kò tọ́ sí mi. Dókítà ti sọ fún mi pé ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Kí n tó di alága ẹgbẹ́ wa nílẹ̀ òkèèrè yìí, yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti ń mú ni làágùn láti àárọ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa ti bàjẹ́ níbí nígbà yẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá sọnù, àwa ni wọ́n ń wò. Èmi ojo, mo sọ fún ọ̀gá pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni mo ti wá. Mo tilẹ̀ máa ń ròyìn bí òjò ibẹ̀ ṣe ń rọ̀, èmi tí mi ò débẹ̀ rí. Ọdún kẹta ni obìnrin kan dé síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí mò ń ka aṣọ ìbùsùn lábẹ́ ẹnu: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé wa ni yín.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bò mí láṣìírí. Kò bi mí nídìí. “Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣáà ti tó mi pé mo lẹ́nìkan níbí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ṣéènì wúrà nínú àpò ṣòkòtò àlejò kan. Èdè àwọn ará ibí kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ló bá gbé e fún mi. “Ẹ bá mi fún ọ̀gá, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn.” Mo fi sápò, mo ní kí n parí aṣọ tó wà nínú ẹ̀rọ ná. Mi ò tíì parí tí ọ̀gá fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ méjì, àlejò ti ké pé ṣéènì òun sọnù. Ó na ìka sí obìnrin náà. “Olè ni gbogbo yín ní orílẹ̀-èdè yín.” Obìnrin náà kọjú sí mi, ó ń fèdè wa sọ̀rọ̀ wéréwéré. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ sọ pé mo ti gbé e fún yín.” Ọ̀gá yíjú sí mi. “Ṣé o gbọ́ ohun tó ń sọ?” Ṣéènì náà wà létí itan mi bí ẹyin iná. Bí mo bá dáhùn, àṣírí mi tú, wọ́n á sì bá ẹrù lára mi. Mo mirí. Mo ní, “Mi ò gbọ́ èdè wọn, sà.” Èdè wọn. Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà ni.

Obìnrin náà kò bú mi, kò ṣépè. Ó kàn ń wò mí títí wọ́n fi mú un gun àtẹ̀gùn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti dá a padà sí orílẹ̀-èdè wa. Mo ju ṣéènì náà sẹ́yìn ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n rí i, ọ̀gá ní, “Ó mà ṣe o,” ó bá lọ jẹun ọ̀sán.

Àtìgbà náà ni mo ti ń pariwo orílẹ̀-èdè wa ju gbogbo yín lọ. Èmi ni mò ń gbé àsíá, èmi ni mò ń sunkún bí ẹ bá ń kọrin. Ẹ rò pé ìfẹ́ ni. Ojú ẹnìkan ni mò ń rí.

Lóṣù tó kọjá, mo wá a kàn lórí fóònù, mo jẹ́wọ́. “Ìyá mi kú láìgbà pé mi ò jalè,” ló wí. “Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí àwọn èèyàn wa bá pé sí.”

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, kò di dandan kí ẹ gbé àsíá kankan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé yín bá ní kí ẹ gbẹnu sọ fún òun, ẹ sọ ọ́. Ìpè ṣì wà lórí fóònù tó wà lórí tábìlì yìí. Obìnrin náà ń gbọ́ wa. Àbúrò mi, olè kọ́ ni ọ́. Gbogbo ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́, ọ̀rọ̀ kan kò bọ́ níbẹ̀. Forí jì mí.